Ilé alámọ̀ Bàbá Àgbà ní Òmù-Àrán: àkọsílẹ̀ àtúnṣe, 2023 sí 2024

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe ní Ìlọrin. N kò kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ohun tí mo sì mọ̀ nípa amọ̀ kò ju ìkòkò eré tí a máa ń fi mọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí a wà lọ́mọdé. Inú ìwé pélébé tí mo fi ń ṣírò owó wáyà ni mo ń kọ iṣẹ́ yìí sí, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣà á. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe, n kò pa á rẹ́.

Bàbá tó bí bàbá mi ló mọ ilé náà. Ọdún tó mọ ọ́n gan-an, ẹnu àwọn àgbà kò kò lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n 1938 ni wọ́n bí bàbá mi, yàrá àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òsì ni ìyá wọn sì bí wọn sí. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi bo orí rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ páànù, Ọ̀fà ni wọ́n ti rù ú wá, nítorí rélùwéè ti gba Ọ̀fà kọjá dé Jẹ́bà láti 1909, kò sì yà sọ́dọ̀ tiwa. Ìtàn kan wà tí wọ́n ṣì fi ń dá wa lẹ́rìn-ín nílé, nípa ẹ̀gbọ́n Bàbá Àgbà kan tí afẹ́fẹ́ gbé tòun ti páànù orí rẹ̀ wọ inú igbó. Mo rántí rẹ̀ dáadáa ní 2023.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ló wà láàárín ilé, yàrá méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, àkòdì lẹ́yìn, ilé ìdáná ní kọ̀rọ̀ àkòdì. Ìpele márùn-ún ni ògiri rẹ̀, ẹ sì lè fojú kà á níbi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n: nísàlẹ̀ ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 46, lókè lábẹ́ òrùlé ó jẹ́ 30. Bàbá Àgbà fúnra wọn sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Oṣù Kẹrin 2023

Òjò àkọ́rọ̀, tìjìtìjì ló bá dé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ládùúgbò pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. "Páànù ilé Bàbá ti wà nínú oko ẹ̀gẹ́ olóko o." Mo ní mélòó ni. Wọ́n ní, "Wá kà á fúnra rẹ."

Mẹ́tàdínlógún ni. Ní Sátidé mo lọ, a ta tapólì bo ojú ibẹ̀, a fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì ṣèlérí pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mà á kó páànù wá. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni wọ́n kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́. Owó ọkọ̀ fò, owó páànù tẹ̀lé e, ọ̀sẹ̀ méjì mi sì di oṣù márùn-ún. Tapólì ya ní oṣù Keje. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò ní fi ti ìjọba.

Oṣù Kẹsàn-án 2023

Ọjọ́ 8 oṣù yìí ni ilẹ̀ mì ní Mòrókò. Gbogbo ayé ló rí àwòrán àwọn abúlé orí òkè níbẹ̀, tí ilé alámọ̀ àti ilé olókùúta ti di òkìtì. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú ní Òmù-Àrán. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, igun ilé wa tó kọjú sí ìlà-oòrùn ti lanu láti òkè dé ilẹ̀. Lókè, ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀ títí dé ọrùn ọwọ́. Nísàlẹ̀, ìdí ìgbálẹ̀ kan kò wọ ọ́. Aláǹgbá ti kó dé ibẹ̀ kí èmi tó dé láti Ìlọrin.

Lórí Wásáàpù ẹbí, ìbátan wa kan ní Àbújá ní ìmìtìtì ilẹ̀ ni. Ó ní òun wà ní Mpape ní oṣù Kẹsàn-án 2018 nígbà tí ilẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́sẹ̀ òun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún òun pé ilẹ̀ Nàìjíríà kì í mì. N kò bú u. Ilẹ̀ ti mì rí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó mì ní agbègbè Abẹ́òkúta ní 2009. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jí lóru ọjọ́ yẹn ní Òmù-Àrán tó ní nǹkan mì, kò sí abọ́ kan tó já lórí pẹpẹ. Èyí tó tún dá mi lójú ni bí ojú ìlà yẹn ṣe rí. Ilẹ̀ tó bá ń mì á ti ògiri lọ, á fà á bọ̀, ìlà tó máa ń fi sára ògiri a sì máa dábùú ara bíi lẹ́tà X, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tiwa kò dábùú ohunkóhun. Bí ìwé tí èèyàn ń ṣí ló rí: ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, igun kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ igun yẹn ló ń rì, tí orí rẹ̀ ń ṣubú síta díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀gá kan tí mo wá wáyà nílé rẹ̀ rí kọ́ mi ní ọgbọ́n kan. Mo gé dígí tó fọ́ sí wẹ́wẹ́, èyí tó gùn tó ìka ọwọ́. Mo gbé e dábùú ojú ìlà, mo fi POP lẹ orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ògiri, mo fi ẹnu ìṣó kọ ọjọ́ sára POP kó tó gbẹ. Dígí kì í nà. Bí ògiri bá sún bí irun orí báyìí, ó ti kán. Mẹ́fà ni mo lẹ̀, mo kọ nọ́ńbà sí wọn, 1 lókè pátápátá, 4 ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná níbi tí ìlà kékeré kan ti fẹ́ yọjú, 6 nísàlẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán ránṣẹ́: nọ́ńbà 1 àti 2 ti kán. Ilé ń rìn.

Oṣù Kẹwàá 2023

Ìpàdé ẹbí. Àbúrò bàbá mi, Bàbá Kékeré, ní kí a wó o, kí a kó búlọ́ọ̀kù wá, kí a kọ́ fúláàtì tó ní ṣálángá inú ilé, kí àwọn ọmọ lè máa wálé ní Iléyá àti Kérésì láìwá ibi sùn. Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mi orí. Baálé ilé wa kò sọ̀rọ̀ títí a fi sọ tiwa tán. Wọ́n wá ní, "Bàbá tó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ṣé katakata lẹ fẹ́ fi gun orí wọn?"

Bàbá Kékeré wo ilẹ̀. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pín obì. Bí ìpàdé ṣe tú nìyẹn, tí iṣẹ́ sì di tèmi, torí èmi ni mo ti lẹ dígí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kọkànlá 2023

Bíríkìlà mẹ́ta ni mo mú wá wò ó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ká da kọnkéré sí ìdí rẹ̀, ká fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ìlà. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá rántí bàbá kan ní abúlé kan lọ́nà Ẹ̀siẹ́. Mo mọ ọ̀nà yẹn láti ìgbà tí wọ́n kó wa láti ilé ìwé lọ wo àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀mọlé ni wọ́n láti kékeré. Wọ́n ní ó ti tó ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pe àwọn sí iṣẹ́ amọ̀, àyàfi kí wọ́n wá mọ ilé adìẹ.

Nígbà tí wọ́n dé, wọn ò tilẹ̀ wo ojú ìlà tó gba gbogbo ẹnu wa. Wọ́n kúnlẹ̀ nídìí ògiri, wọ́n fi eegun ìka kan ibi tí sìmẹ́ǹtì wà. Kó, kó, kó. Wọ́n sún síwájú. Kó, kó, bò. Bò. Bò. Láti ibẹ̀ dé igun ilé, bí ìlù tí awọ rẹ̀ dẹ̀ ló ń dún.

"Ta ló wọ ẹ̀wù yìí fún un?"

Mo ní bàbá mi ni, ní 1987, nígbà tí wọ́n gba owó ìfẹ̀yìntì díẹ̀. Inú gbogbo ilé dùn nígbà náà. Ilé alámọ̀ ti di ilé sìmẹ́ǹtì, wọ́n tún kùn ún ní búlúù.

"Ẹ̀wù rọ́bà ni wọ́n wọ̀ fún un," Bàbá wí. "Ẹni tó bá wọ rọ́bà nínú oòrùn, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i?"

Wọ́n gba òòlù, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ ṣí etí sìmẹ́ǹtì náà. Odidi abala kan tó tó ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀ gbì. Oṣù Kọkànlá la wà o, òjò ti dá láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì yẹn tutù bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Mo ti ìka mi bọ̀ ọ́, ó wọlé dé oríkèé kejì. Ikán ti la ọ̀nà nínú rẹ̀ bí òpópónà ọjà.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá àti bí mo ṣe tún lọ kà á. Ògiri amọ̀ a máa mu omi láti inú ilẹ̀, a sì máa mu èyí tí òjò bá ta sí i lẹ́sẹ̀. Kò burú, torí ara rẹ̀ náà ló fi ń mí i síta nígbà tí oòrùn bá yọ. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kó mí. Sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ a sì máa sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òjò á gba ojú sísán yẹn wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde. Omi á kó sí ìdí ògiri, amọ̀ ìdí á yọ́, ẹrù orí rẹ̀ kò sì fúyẹ́. Àwa náà tún ràn án lọ́wọ́: gbogbo àkòdì ni a ti dà ní kọnkéré ní bí 2005, ó sì dagun sọ́dọ̀ ògiri dípò kó dagun sí gọ́tà. Tapólì mi tó ya ló parí ọ̀rọ̀ láti òkè.

Nítorí náà ìjì kọ́ ló fẹ́ pa ilé náà, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ kò mì. Ìfẹ́ tí a fẹ́ ẹ ló fẹ́ pa á.

Oṣù Kejìlá 2023: ìdí ilé

A kò gbọdọ̀ bọ́ ẹ̀wù yẹn tán kí a tó fi igi ti ilé. Igi ayìn mẹ́jọ la gé láti oko wa, a fi pákó tẹ́lẹ̀ kó má baà gún ògiri, a ti igun náà láti ìta. Mo so irin mọ́ ìdí okùn, mo gbé e kọ́ láti òkè: igun yẹn ti dagun síta ní sẹ̀ǹtímítà 7. Bàbá ní a kò ní tì í padà. "Bí ó ṣe dúró yẹn ni kó ṣe dúró. Kó má ṣáà lọ síwájú."

Ìdí rẹ̀ ni a wá ń yọ ní wẹ́wẹ́. Ẹ kò lè yọ ìdí ògiri gígùn lẹ́ẹ̀kan. Mítà kan ni, ká yọ amọ̀ tó ti jẹrà, ká gbẹ́ ilẹ̀ dé ibi tó le, ká to yangí pẹ̀lú amọ̀ dé òkè ilẹ̀ ní ìwọ̀n orúnkún, ká wá fi bíríkì alámọ̀ tó ti gbẹ kún ojú rẹ̀ dé abẹ́ ògiri àtijọ́, ká gbá a mọ́ ọn dáadáa. Lẹ́yìn náà ká fo mítà méjì, ká lọ yọ òmíràn, ká padà wá sí àárín nígbà tí ti ìṣáájú bá ti gbà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló gbà wá. Ọmọkùnrin méjì ló ń bá wa ṣe é, ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Bàbá máa ń pè é ní "Injiníà mi", ó sì ń rán an lọ gbé omi.

Amọ̀ fúnra rẹ̀ gba àsọyé. Mo ti ka bí wọ́n ṣe ń dán ilẹ̀ wò: ẹ bu ilẹ̀ sínú ìgò, ẹ da omi sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á lọ sísàlẹ̀, ilẹ̀ kíkúnná á tẹ̀lé e, amọ̀ gidi á wà lókè. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo ṣe ìṣirò, mo rí i pé ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ní amọ̀ tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo gbé ìgò lọ fún Bàbá. Wọ́n wo ìgò, wọ́n wo mi, wọ́n bu ilẹ̀ kan náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n tu itọ́ sí i, wọ́n yí i bí ọ̀pá ìkọ̀wé, wọ́n dì í mú lórí kan kó máa rọ̀ sísàlẹ̀. Ó gùn tó ìka kan kó tó já. Wọ́n wá bu díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n rún un láàárín eyín iwájú. "Ó dáa. Èyí kò nílò ìgò."

Àwa méjèèjì fẹnu kò pé ó dáa, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú ju bó ṣe yẹ lọ.

A da koríko tí a gé wẹ́wẹ́ sí i, a po ó, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó rùn. Àwọn ará ilé kejì wá bèèrè bóyá nǹkan kú sí ọ̀dọ̀ wa. Bàbá ní bí kò bá rùn, kò tíì jinná. Àpótí onígi la fi gé bíríkì rẹ̀, a sá a sábẹ́ igi mángòrò kí oòrùn má baà là á, a ń yí i lọ́jọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Bí ogójì ló fọ́ nínú bíríkì 1,150.

Oṣù Kìíní 2024: ojú ìlà, àti ìgbànú

A kò fi amọ̀ dí ojú ìlà yẹn lásán, torí ohun tí a bá rọ sí àárín á kàn jábọ́ nígbà tó bá gbẹ ni. Ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà méjì sókè, a gbẹ́ ihò gbọọrọ tó dábùú ìlà náà, ẹsẹ̀ bàtà kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. A wọ́n omi sí i, a fi bíríkì tó gùn dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dí i pẹ̀lú amọ̀ tútù, a fi igi gbá a wọlé títí kò fi mì mọ́. Bí ẹní ń rán aṣọ tó ya ni.

Ibi tí Mòrókò ti wúlò fún wa rèé. Ìbátan wa ará Àbújá, ẹni tó ṣì dì í mú pé ilẹ̀ mì, ń fi oríṣiríṣi nǹkan ránṣẹ́ sí mi nípa ilé alámọ̀ àti ìmìtìtì ilẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, mo jókòó kà wọ́n. Àwọn tí ilẹ̀ wọn ń mì lóòótọ́, bíi Pérù, ti mọ̀ pé ògiri amọ̀ lágbára bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á, ó ti já. Igun ilé ló kọ́kọ́ máa ń ya. Bí igun bá ti ya, ògiri mẹ́rin tó ń di ara wọn mú á wá di ògiri mẹ́rin tí ń dá dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan á ṣubú. Ní Bam, ní ilẹ̀ Ìráànì, ilé olódi alámọ̀ tó ti wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún wó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, 26 oṣù Kejìlá 2003. Ara ohun tí àwọn tí ilẹ̀ wọn ń mì ń ṣe sí i ni pé wọ́n á to igi yí orí gbogbo ògiri ká lábẹ́ òrùlé, wọ́n á dè é mọ́ra ní igun kọ̀ọ̀kan.

Mo fi àwòrán rẹ̀ han Bàbá lórí fóònù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìgbànú ni. Àwa náà máa ń to igi sórí ògiri kí àjà lè jókòó, ṣùgbọ́n a kì í dè é ní igun." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó yẹ ká máa dè é."

Tiwa kò mì, àmọ́ igun rẹ̀ ti ya bákan náà, nítorí náà oògùn kan náà ló bá a mu. Mo lọ ra igi àpá. Onípákó tí mo bá rà á búra fún mi pé àpá ni gbogbo rẹ̀. Káfíńtà wa fi ayùn kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án kì í ṣe àpá rárá, igi funfun tí wọ́n fi nǹkan pa láró ni, ikán á jẹ ẹ́ bí àkàrà. Mo gbé e padà, ariwo ta, mo gba ìdajì owó mi. Èyí tó kù, mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìtì ayìn láti oko la fi rọ́pò wọn.

Ní igun, káfíńtà gé ìdajì orí igi yìí, ó gé ìdajì orí tìyẹn, ó gbé wọn gun ara wọn, ó fi bóòtù kan so wọ́n. Kí a tó to igi ọ̀hún, a ti gba wáyà líle la inú ògiri kọjá ní ìpele kẹta, a fà á gòkè lójú méjèèjì, a lọ́ ọ mọ́ ìgbànú. Ìdí abájọ ni pé páànù kò wúwo. Ìjì kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, sókè ló ń fà á. Òrùlé àtijọ́ kàn jókòó lórí ògiri ni, kò sóhun tó dì í mú ju ìwúwo ara rẹ̀. Báyìí, bí ìjì bá fẹ́ gbé páànù, kó múra láti gbé ìpele mẹ́ta ògiri pẹ̀lú rẹ̀.

Ìparí oṣù Kìíní: àṣìṣe mi

Bàbá lọ sí ìnáwó fún ọjọ́ márùn-ún. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń po amọ̀ tí a fi ń rẹ́ ògiri, mo sì ti gbọ́ pé ilẹ̀ òkìtì ọ̀gán ló dára jù. Mo ní kí àwọn ọmọ gbé ọ̀gán nìkan wá, ká rẹ́ ẹ̀gbẹ́ òpópónà kí Bàbá tó dé, kí wọ́n lè bá a tó ti tán. Ó jọ̀lọ̀ bí ìgò. Àwọn tó ń kọjá lọ ń kí wa pé a kú iṣẹ́.

Ọyẹ́ wà níta. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ odò tó gbẹ, abala kọ̀ọ̀kan ń ká etí sókè. Bàbá dé, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ti èékánná bọ abẹ́ abala kan, ó ṣí, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n lọ jẹun.

Amọ̀ tó bá le jù a máa sún kì nígbà tó bá gbẹ, yanrìn ni kì í jẹ́ kó sún kì. Ìwọ̀n ọ̀gán kan sí ìwọ̀n yanrìn méjì, koríko tí a gé wẹ́wẹ́, àti ẹlẹ́bọ́tọ tí a gbà ní gáà Fúlàní. Ká rẹ ògiri lómi kí a tó rẹ́ ẹ. Ká ta àpò tútù sí iwájú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ọyẹ́ má rí i. Ọjọ́ mẹ́fà la fi há iṣẹ́ ọjọ́ méjì mi kúrò.

Oṣù Kejì 2024

Páànù tuntun, a sì fa etí òrùlé síta sí i, láti ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀. A fọ́ kọnkéré àkòdì ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, a gbẹ́ gọ́tà, a dagun rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé. Oṣù yìí gan-an ni àpò sìmẹ́ǹtì kọjá ₦10,000. Àpò mẹ́fà péré la nílò, gbogbo rẹ̀ sì wọ inú gọ́tà. Bàbá Kékeré tí wọ́n ní ká kó búlọ́ọ̀kù wá pè mí lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn bèèrè àlàáfíà.

Oṣù Kẹta 2024: omi irúgbá

Irúgbá ti ń gbó. Àwọn ìyá tó ń ṣe irú a máa kó èèpo rẹ̀ dànù sí ààtàn. Ìyá kan lẹ́yìn ilé wa fún wa ní àpò márùn-ún, wọ́n ní ṣé ewúrẹ́ la fẹ́ fi bọ́ ni. A rẹ ẹ́, a sè é nínú àgbá láti àárọ̀ di ọ̀sán, títí omi rẹ̀ fi pọ́n bí ọtí kanranjángbọ́n, tó ń fà díẹ̀ lọ́wọ́. A fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sára ògiri ní ìpele mẹ́ta, ká jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí a tó fi òmíràn sí i. Bí ẹ bá wá ta omi sí i, á ṣe róbótó, á yí lọ sílẹ̀. Kì í dí ojú ògiri pa bíi sìmẹ́ǹtì, àmọ́ òjò ńlá lè fọ̀ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ọdún méjì méjì ni ká tún un ṣe. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó ilé méjì ló fi ẹlẹ́bọ́tọ rẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan, wọ́n yí ibi tí Bàbá Àgbà sùn sí ká. Àwọn ló sọ fún mi pé kí n bọ́ bàtà kí n tó wọlé.

Oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹjọ 2024

Òjò àkọ́rọ̀ dé tìjìtìjì bí ìṣe rẹ̀. Mo wà ní Ìlọrin, n kò sùn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní páànù ilé kejì wà nínú àkòdì wa.

Mo ti lẹ dígí tuntun mẹ́fà ní oṣù Kẹta. Mo lọ wò wọ́n lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn òjò oṣù mẹ́rin. Márùn-ún pé. Nọ́ńbà 4, ti kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ti kán, ìlà tín-ín-rín kan sì ti gba abẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Mo fi eegun ìka kan ìdí ògiri níbẹ̀. Kó, kó, bò. Sìmẹ́ǹtì 1987 kan ṣì wà lẹ́yìn àdògàn tí a gbàgbé. Mo pe Bàbá, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án títí òjò yóò fi dá, àwọn ń bọ̀ ní oṣù Kọkànlá, kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé koríko.